Omi líle nínú ilé: bí a ṣe ń dá a mọ̀, bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, àti ibi tó yẹ ká ti kojú rẹ̀

Ẹ fi ọṣẹ ra ọwọ́ títí, kò hó. Dípò ìfófòó, nǹkan funfun kan tó ṣù jọ ló ń léfòó lójú omi. Aṣọ tí ẹ fọ̀ lánàá gbẹ tán, ó gan bíi páálí. Ife tí ẹ fọ̀ mọ́ gbẹ tán, àmì funfun wẹ́wẹ́ ló kù lára rẹ̀. Kẹ́tù tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ti hu èépá nínú. Ẹni tó ń fọ nǹkan kò ṣe àṣìṣe kankan, ọṣẹ náà kò sì burú. Omi ló le.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí kínníkínní nítorí pé àìmọ̀ rẹ̀ ti ná wa lówó. Irin amóoru inú ẹ̀rọ amómigbóná wa jó lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó rò pé ká ṣí ikùn ẹ̀rọ náà wò. Nígbà tí a ṣí i, òkúta funfun ló wé mọ́ irin náà, ó nípọn bí ìka ọwọ́, èyí tó ti já bọ́ lára rẹ̀ sì kún ìsàlẹ̀ bí iyanrìn. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọṣẹ ni a ń pààrọ̀ ṣáá.

Ibi méjì ni omi líle ti ń ṣọṣẹ́ jù lọ nínú ilé: ibi tí wọ́n ti ń gbé e kaná, àti ibi tí ọṣẹ ti ń kàn án. Omi tí ẹ fi ń nu ilẹ̀, èyí tí ẹ fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tí ẹ fi ń bomi rin òdòdó, ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní náwó sórí omi tí kò ní ìṣòro. Nítorí náà, ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ dán omi yín wò, ẹ mọ irú líle tó jẹ́, ẹ mọ iye rẹ̀, kí ẹ tó pinnu.

Òkúta tó wà nínú omi

Omi òjò kì í le. Bó ṣe ń já bọ̀ láti òkè, ó ń gba díẹ̀ nínú gáàsì carbon dioxide mọ́ra, ó sì ń di kíkan díẹ̀. Bó bá wọlẹ̀, ó tún ń rí gáàsì yìí gbà sí i nínú erùpẹ̀. Tó bá wá rin ìrìn-àjò gba àárín òkúta ẹfun kọjá, kíkan yẹn á máa jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀, òkúta á sì yọ́ sínú omi. Kálísíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù ni èròjà méjì tó ń bá omi wá láti ibẹ̀. Ojú kò rí wọn, imú kò gbọ́ òórùn wọn, omi náà á sì mọ́ lóló bí ẹ bá bù ú sínú ife.

Bí ẹ bá gbé omi yẹn kaná, gáàsì tó mú òkúta yọ́ á fò lọ. Òkúta á padà di òkúta, á sì lẹ̀ mọ́ ibi tó gbóná jù. Ṣúgà máa ń yọ́ dáadáa sí i bí omi bá ṣe ń gbóná sí i, ṣùgbọ́n òdì kejì ni ti ẹfun: ooru ló ń lé e jáde. Ìdí nìyí tí èépá fi máa ń kọ́kọ́ hù sí inú kẹ́tù, ara irin amóoru àti ihò áyọ́ọ̀nù, nígbà tí páìpù omi tútù lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láìdí.

Ti ọṣẹ yàtọ̀. Kálísíọ̀mù máa ń so mọ́ ọṣẹ, á sì sọ ọ́ di ohun tí kò lè yọ́ nínú omi mọ́. Nǹkan funfun tó ń ṣù jọ lójú omi yẹn nìyẹn, òun náà ló ń lẹ̀ mọ́ ara ọpọ́n ìwẹ̀ àti ara aṣọ. Àfi tí kálísíọ̀mù inú omi bá jẹ ọṣẹ yó ni èyí tó ṣẹ́kù tó lè ráyè hó. Ọṣẹ ni ẹ ń rà, omi ló ń jẹ ẹ́. Àwọn ọṣẹ oníyẹ̀fun àti olómi òde òní tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe kì í ṣù jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n agbára àwọn náà máa ń dín kù nínú omi tó le gan-an.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mi ọṣẹ nínú ìgò

Ẹ wá ìgò méjì tó dọ́gba, tó sì ní ìdérí. Ẹ bu omi ilé yín sínú ọ̀kan dé ìdá mẹ́ta rẹ̀, ẹ bu omi òjò sí ìkejì ní ìwọ̀n kan náà. Kí omi òjò náà jẹ́ èyí tí ẹ gbè tààrà láti ojú ọ̀run sínú abọ́ tó mọ́, kì í ṣe èyí tó ṣàn láti orí òrùlé. Bí kò bá sí òjò, omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ padà, irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì ọkọ̀ (kó má ti ní ásíìdì nínú o), dára fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ ha ọṣẹ ṣíbí kékeré kan sínú ife omi òjò tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kó yọ́ pátápátá. Ọṣẹ gidi ni kí ó jẹ́, èyí tí wọ́n fi òróró tàbí ọ̀rá ṣe. Bí ẹ bá lo ọṣẹ oníkẹ́míkà, á hó nínú omi méjèèjì, á sì tàn yín jẹ. Ẹ kán ẹ̀kán 10 nínú ọṣẹ yíyọ́ yìí sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ dé e, ẹ mì í gírígírí nígbà 10. Ìgò omi òjò á hó, ìfófòó náà á sì dúró. Bí ti omi ilé yín kò bá hó, tó kàn rú bíi kùrukùru, ẹ fi ẹ̀kán 5 kún un, ẹ tún mì í. Ẹ máa fi kún un bẹ́ẹ̀ títí ìfófòó á fi lè dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ iye ẹ̀kán tó gbà sílẹ̀, nítorí a máa padà lò ó. Omi tó gba 15 kò ní ìṣòro. Èyí tó bá gba 50 tàbí 60, ẹ ti rí ohun tó ń jẹ ọṣẹ yín.

Ohun méjì kan wà tí àwọn èèyàn máa ń pè ní omi líle tí kì í ṣe òun. Àkọ́kọ́ ni àmì pupa rúsúrúsú bí ìpẹtà lára aṣọ àti ìsàlẹ̀ abọ́. Irin ló fa ìyẹn, ìtọ́jú tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ìkejì ni omi tó bá ń dùn bí iyọ̀ lẹ́nu. Òun náà kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ tó lè yọ iyọ̀ kúrò àyàfi ẹ̀rọ reverse osmosis, ìyẹn èyí tó ń fi agbára ti omi gba inú asẹ́ wínníwínní kọjá, tí mo máa mẹ́nu kàn. Sísè kàn ń mú iyọ̀ náà ki sí i ni.

Bí ẹ bá sì ń wo àmì funfun lára ife dígí, ẹ fi fínígà díẹ̀ sí i, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Bó bá ṣí kúrò, ẹfun ni. Bí kò bá ṣí rárá, ara dígí náà ló ti bó, kò sì sí ohun tó lè dá a padà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ irú líle tó jẹ́

Oríṣi méjì ni líle omi. Ọ̀kan wà tí iná ń lé lọ, ìkejì wà tí iná kò lè ṣe ohunkóhun sí. Àkọ́kọ́ ni ti òkúta ẹfun tí mo ti ṣàlàyé. Ìkejì ni kálísíọ̀mù tàbí mágínísíọ̀mù tó so mọ́ sulphate tàbí chloride, ó sì máa ń wà nínú omi tó gba àárín àwọn òkúta mìíràn bíi gypsum kọjá.

Ẹ se omi ilé yín nínú ìkòkò fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó tutù láì mì í, kí ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lè sílẹ̀. Ẹ rọra bu omi òkè, ẹ tún fi ọṣẹ inú ife yẹn dán an wò. Bí ẹ̀kán 50 ti tẹ́lẹ̀ bá wálẹ̀ sí 15, èyí tí iná ń lé lọ ló pọ̀ jù nínú omi yín. Bó bá ṣì wà ní 45, èyí tó takú ni. Omi púpọ̀ ló ní méjèèjì pọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ẹni tí omi rẹ̀ ní èyí tí iná ń lé lọ, èépá inú ẹ̀rọ ni wàhálà rẹ̀ tó ga jù, omi tó bá sì sè kalẹ̀ lè tó o fún fífọ irun tàbí aṣọ ọmọ. Ẹni tí tirẹ̀ takú kì í sábà rí èépá púpọ̀ nínú kẹ́tù, ṣùgbọ́n ọṣẹ á máa bá a jà lójoojúmọ́, bó bá sì ń se omi nítorí èyí, iná ló ń fi ṣòfò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ iye rẹ̀

Ìgò ọṣẹ ń sọ fún yín bóyá omi le. Láti ra ẹ̀rọ tàbí wọn sódà, ẹ nílò iye gan-an. Bébà àyẹ̀wò tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí ẹ máa tẹ̀ bọ omi, tí àwọ̀ rẹ̀ á yí, tí ẹ ó sì fi wé àwòrán ara páálí rẹ̀. Èyí tó péye jù ú lọ ni àyẹ̀wò ẹlẹ́kàán, tí ẹ ó máa kán kẹ́míkà sínú omi títí àwọ̀ rẹ̀ á fi kúrò ní pupa di búlúù, ẹ ó sì ka ẹ̀kán náà. Bí ẹ bá gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní total hardness ní mílígíráàmù calcium carbonate nínú lítà kan.

USGS, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ilẹ̀ àti omi, pín iye náà báyìí: 0 sí 60 jẹ́ omi tó rọ̀, 61 sí 120 le díẹ̀, 121 sí 180 le, ohun tó bá ju 180 lọ le gan-an. Bí ara ẹ̀rọ tàbí páálí bá ń lo ìwọ̀n mìíràn, grain kan fún gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ 17.1 mílígíráàmù, ìwọ̀n kan ti Jámánì, tí wọ́n ń kọ ní °dH, jẹ́ 17.8, ti Faransé sì jẹ́ 10.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ kékeré bíi bírò tí wọ́n ń tẹ̀ bọ omi, tí wọ́n ń pè ní TDS. Gbogbo ohun tó yọ́ sínú omi ló ń kà pọ̀, iyọ̀ àti ẹfun àti ohun gbogbo. Ẹ lè mú omi rọ̀ pátápátá kí ẹ̀rọ yìí ṣì máa fi iye àtijọ́ hàn. Mo ti rí ẹni tó dá ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa padà nítorí rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé bí iye omi yín kò bá tó 120, ẹ má ra ẹ̀rọ kankan. Ẹ kàn máa fọ kẹ́tù lóòrèkóòrè. Láàárín 120 sí 250, sódà ìfọṣọ àti fífọ èépá lásìkò máa ń tó. Bó bá ti ju 250 lọ, tí ẹ sì ní ẹ̀rọ amómigbóná ńlá, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ro ti ẹ̀rọ amómirọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yọ èépá tó ti wà

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní omi yín ní 200 mílígíráàmù tí iná ń lé lọ nínú lítà kan, tí ẹ sì ń se lítà 5 lóòjọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sílẹ̀, ẹfun gíráàmù kan nìyẹn lójúmọ́, 365 gíráàmù lọ́dún. Ju ìdá mẹ́ta kílò òkúta lọ, nínú kẹ́tù kan ṣoṣo. Ẹ wá fi ojú inú wo ẹ̀rọ tó ń mú omi ìwẹ̀ gbogbo ilé gbóná.

Ohun kíkan ló ń yọ ẹfun, gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́ pé omi kíkan ló mú un yọ́ nínú ilẹ̀. Ìkìlọ̀ kan rèé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ má fò ó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí fínígà, citric acid tàbí ohun kíkan yòówù pàdé bílíìṣì láé. Gáàsì chlorine ni yóò jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ẹ bá fi bílíìṣì fọ balùwẹ̀ láàárọ̀, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ fi iṣẹ́ èépá di ọjọ́ mìíràn. Bákan náà, ẹ má fi ohun kíkan sí orí mábù tàbí òkúta ẹfun tí wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ tàbí orí tábìlì. Ẹ̀yà kan náà ni òun àti èépá, ohun tó bá jẹ ọ̀kan á jẹ ìkejì.

Fún kẹ́tù, ẹ yọ wáyà rẹ̀ nínú iná, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ da fínígà àti omi pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, tàbí kí ẹ yọ́ citric acid bíi 30 gíráàmù, ìyẹn ṣíbí ńlá méjì, sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lítà kan. Ẹ dà á síbẹ̀ títí yóò fi bo èépá mọ́lẹ̀. Ẹ ó gbọ́ tó ń hó ṣíì: gáàsì ọjọ́sí ló ń jáde padà. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ dà á nù, ẹ ṣàn án. Ẹ wá se omi mímọ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dà á nù kí ẹ tó lò ó. Bó bá nípọn jù, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Ẹ má sì se citric acid náà fún ìgbà pípẹ́, nítorí nínú omi tó ń hó, òun àti kálísíọ̀mù lè para pọ̀ di èépá funfun mìíràn tí yóò ṣòro láti yọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí kẹ́tù tàbí ìkòkò náà bá jẹ́ alumíníọ̀mù, kó má pẹ́ níbẹ̀.

Orí ṣáwà tí omi rẹ̀ ń fọ́n sí ọ̀tún sí òsì: ẹ bu fínígà sínú ọ̀rá láílọ́ọ̀nù, ẹ wọ̀ ọ́ fún un, ẹ fi okùn so ó. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbó ihò rẹ̀. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ wúrà tàbí tó ń dán bíi dígí, ìdajì wákàtí tó. Asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ omi ṣeé tú pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ rẹ ẹ́ bákan náà.

Ẹ̀rọ amómigbóná ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, nítorí òun ni owó ń bá lọ. Èépá tó bo irin amóoru kì í jẹ́ kí ooru rẹ̀ dé inú omi. Irin náà á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, omi á pẹ́ kó tó gbóná, iná á máa jó, títí irin náà á fi já. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo kíkù tàbí kí nǹkan máa ta nínú rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, èépá ti wà níbẹ̀. Ẹ ṣètò rẹ̀ sí 60°C. Ooru tó ju ìyẹn lọ ń mú kí ẹfun já sílẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ẹ má rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá jẹ́ irú èyí tó ń tọ́jú omi pamọ́, nítorí kòkòrò Legionella, tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, lè pọ̀ nínú omi tó kàn lọ́wọ́ọ́wọ́. Omi 60°C lè jó ara láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ lú u pọ̀ mọ́ omi tútù kó tó kan ọmọdé. Ní ìgbà kan tàbí méjì lọ́dún, ẹ pa iná rẹ̀ láti ibi tó ti ń wọlé, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹrọ̀fọ̀ ẹfun lè ṣàn jáde. Ẹ má ṣe padà tan iná sí i láìjẹ́ pé omi ti kún un. Yíyọ irin amóoru fúnra rẹ̀ láti rẹ ẹ́ sínú citric acid, iṣẹ́ oníná tàbí púlọ́ńbà ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Áyọ́ọ̀nù olóoru ní tirẹ̀, omi tí wọ́n sè gba ooru rẹ̀ padà ló dára jù fún un, àyàfi tí ìwé tó bá a wá bá sọ nǹkan mìíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: aṣọ àti ara

Fún aṣọ, sódà ìfọṣọ ni ọ̀rẹ́ ẹni tí kò fẹ́ ra ẹ̀rọ. Kì í ṣe sódà tí wọ́n fi ń ṣe bùrẹ́dì. Sodium carbonate ni ẹ máa rí lára páálí rẹ̀. Ó máa ń mú kálísíọ̀mù so mọ́ ara rẹ̀ dípò ọṣẹ, yálà líle náà takú tàbí kò takú. Ìṣírò rẹ̀ rèé: 100 mílígíráàmù líle nílò 106 mílígíráàmù sódà oníyẹ̀fun gbígbẹ. Nítorí náà, garawa omi 20 lítà tó ní 300 nílò bíi gíráàmù 6 ààbọ̀, ìyẹn ṣíbí kékeré kan àti díẹ̀. Bí sódà yín bá jẹ́ oníhóró dídán bí iyọ̀ òkúta, omi wà nínú hóró náà, á sì gbà tó gíráàmù 17.

Ẹ fi sódà sínú omi ṣáájú, ẹ rò ó, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó fi ọṣẹ sí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ọṣẹ sí i ti fún kálísíọ̀mù ní oúnjẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí sódà yìí ń gbẹ ọwọ́, ẹ má sì lò ó fún aṣọ sílíkì tàbí aṣọ onírun, tàbí fún ìwẹ̀. Bí aṣọ bá ti gan tẹ́lẹ̀ látàrí ọṣẹ tó dì sí i lára, ẹ fi fínígà ìdajì ife sínú omi tí ẹ ó fi ṣàn án kẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kan sí i, kí bílíìṣì má sí níbẹ̀.

Fún ìwẹ̀, pípààrọ̀ ọṣẹ gidi sí ọṣẹ ìwẹ̀ olómi oníkẹ́míkà máa ń yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Fún irun tó ń le tí kò ṣeé yà, ẹ po fínígà ṣíbí ńlá kan mọ́ omi lítà kan, ẹ dà á sí i lẹ́yìn ọṣẹ, ẹ sì fi omi ṣàn án kúrò. Omi òjò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá rí i.

Àwọn òbí tí ọmọ wọn ní àrùn awọ ara tí wọ́n ń pè ní eczema máa ń bi mí bóyá kí wọ́n ra ẹ̀rọ amómirọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ẹ̀rọ yìí dán an wò fún ọmọ 336 tó ti ní àrùn náà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011: ẹ̀rọ náà kò mú àrùn náà rọlẹ̀ ju ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Owó yẹn wúlò fún dókítà àti ìpara ju ẹ̀rọ lọ.

Mímu rẹ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kò fi òdiwọ̀n kankan lélẹ̀ lórí líle omi nítorí ìlera. Kálísíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù jẹ́ ohun tí ara ń lò. Ẹ mu omi líle yín bó bá ti mọ́ lọ́wọ́ kòkòrò àti ẹ̀gbin. Líle fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bó bá kan ẹ̀rọ amómirọ̀

Àwọn ilé-iṣẹ́ omi ńlá ti ń mú omi rọ̀ tipẹ́. Thomas Clark, onímọ̀ kẹ́míkà ará Scotland, gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1841 lórí bí a ṣe lè fi ẹfun sísun lé ẹfun inú omi jáde, wọ́n sì ń lo ọgbọ́n yẹn dòní. Kò yẹ fún ilé o, nítorí ẹfun sísun ń jó awọ ara. Ti ilé ni àgbá tó kún fún hóró rẹ́síìnì wínníwínní. Hóró náà á gba kálísíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù sílẹ̀, á sì fi sódíọ̀mù rọ́pò wọn. Nígbà tí hóró bá kún, ẹ̀rọ á fi omi iyọ̀ fọ̀ wọ́n, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun.

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á bá yín pinnu bó ṣe máa tóbi tó. Ká ní ẹ jẹ́ èèyàn márùn-ún, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo omi 120 lítà lóòjọ́, tí líle omi jẹ́ 250. Lítà 600 lọ́nà 250 jẹ́ 150,000 mílígíráàmù, ìyẹn 150 gíráàmù lójúmọ́, 1,050 gíráàmù lọ́sẹ̀. Lítà rẹ́síìnì kan ń gbé nǹkan bíi 50 sí 55 gíráàmù kó tó nílò fífọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa fọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ nílò bíi 20 lítà rẹ́síìnì. Iyọ̀ tó máa jẹ jẹ́ nǹkan bíi kílò 2 sí 3 lọ́sẹ̀. Èyí tó ń fọ ara rẹ̀ nípa kíka omi tó gba inú rẹ̀ kọjá sàn ju èyí tó ń lo aago, nítorí ti aago á máa fi iyọ̀ ṣòfò nígbà tí ẹ bá rìnrìn àjò.

Ẹ ní kí púlọ́ńbà fi ẹ̀rọ omi tútù ilé ìdáná sílẹ̀ láìbá a so. Omi mímu ni. Mílígíráàmù líle kan tí ẹ̀rọ bá yọ, nǹkan bíi 0.46 mílígíráàmù sódíọ̀mù ló ń fi rọ́pò rẹ̀. Omi 250 yẹn á ní 115 mílígíráàmù sódíọ̀mù sí i nínú lítà kan. Kò yẹ fún wàrà ọmọ ìkókó tí wọ́n ń po, kò sì yẹ fún ẹni tí dókítà ní kó dín iyọ̀ kù. Wọ́n lè fi potassium chloride dípò iyọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò pé gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó mu irú omi bẹ́ẹ̀. Òdòdó inú abọ́ náà kì í fẹ́ sódíọ̀mù. Bí páìpù ilé yín bá sì jẹ́ ti òjé àtijọ́, ẹ má ṣe mú omi tí ẹ ń mu rọ̀ rárá, nítorí omi rírọ̀ máa ń tètè jẹ òjé, èépá ẹfun inú páìpù sì wà lára ohun tó ń dáàbò bò yín.

Bó bá jẹ́ omi mímu nìkan ni ẹ fẹ́ yọ líle rẹ̀, ẹ̀rọ reverse osmosis kékeré lábẹ́ ibi ìfọwọ́ ilé ìdáná tó, òun náà sì lè yọ iyọ̀. Jọ́ọ̀gì alásẹ́ máa ń dín èyí tí iná ń lé lọ kù, kẹ́tù á sì pẹ́ kó tó hu èépá, ṣùgbọ́n asẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí padà lásìkò. Máginẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń so mọ́ ara páìpù kò yọ ohunkóhun kúrò nínú omi. Bí ẹ bá wọn omi ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, iye kan náà ni ẹ máa rí. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti náwó sí i.

Ẹ má sọ ìgò àyẹ̀wò àti ọṣẹ yíyọ́ yẹn nù lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti dúró. Lóṣooṣù, ẹ bu omi láti ẹnu ẹ̀rọ balùwẹ̀, ẹ kán ẹ̀kán 10 sí i, ẹ mì í. Bó bá hó bíi ti omi òjò, ó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá hó, ẹ kọ́kọ́ ṣí àgbá iyọ̀ wò: ó lè ti tán, tàbí kó ti dì bí òrùlé lókè tí abẹ́ rẹ̀ sì ṣófo. Ẹ fi igi ìgbálẹ̀ gún un fọ́, kó lè já sínú omi, ẹ tẹ ẹ̀rọ kó fọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún bu omi dán wò lọ́jọ́ kejì.